Ẹ̀bẹ̀ Tí Tàǹtí Alimatou Gbà Padà

Lọ́dọ̀ Tàǹtí Alimatou,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Savalou.
Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Kọkànlá, 1999.

Bilkissou, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo yín ní Bantè? Ṣé orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́? Ìgbà tí mo gbọ́ kẹ́yìn, wọ́n ní ó ń dùn ún, síbẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun pọn omi. Bá mi kí i kí o tó ka gbólóhùn mìíràn. Bàbá rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti dé láti Pira, ṣé iṣu wọn ta dáadáa? Àbúrò rẹ kékeré tó ń hu eyín, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ààwẹ̀ o. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé sí ọ̀dọ̀ wa níbí, eruku ti ń kun ẹsẹ̀ wa. Ara mi le. Tàǹtí Alimatou náà wà dáadáa, ó ní kí n sọ fún ọ pé aṣọ tí o rán fún òun nígbà Iléyá kò tíì tú lójú kan, òun sì ti wọ̀ ọ́ lọ síbi gbogbo tí wọ́n pe òun àti ibi tí wọn kò pe òun.

Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ kò balẹ̀ láti ìgbà tí o ti gba lẹ́tà mi ìṣáájú. Inú rẹ̀ ni mo ti sọ pé mo fẹ́ fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, pé kí o bá mi bẹ ọ̀gá rẹ kí ó fi àga kan dè mí ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, àti pé màá ti wà nílé kí ọdún tó parí. Jọ̀wọ́, tí o kò bá tíì sọ fún ìyá mi, má sọ. Tí o bá ti sọ ọ́, jókòó tì wọ́n kí o ka èyí sí wọn létí pẹ̀lú sùúrù. Ọ̀rọ̀ ti yí padà, ọ̀nà tó sì gbà yí padà, n kò lè ronú rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín.

N kò ṣàlàyé tán nígbà yẹn torí ojú ń tì mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Olùkọ́ wa obìnrin kan wà tí à ń pè ní Madame Yolande. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní òwò kan, ó ní kí a lọ wádìí rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí a wá dìde sọ ọ́ níwájú kíláàsì. Ó ní ẹni tí kò bá lè ṣe é, kí ó yáa bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló yẹ ẹ́. Kajú ni wọ́n fún mi. Bilkissou, kajú! Èmi tí mo ti ń ṣa kajú lóko bàbá mi ní Akpassi kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ró aṣọ. Mo rò pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló bá mi yan iṣẹ́ náà.

Ilé íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣí níbí lọ́dún yìí, lẹ́bàá ọ̀nà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọkùnrin tó ni ín ń jẹ́ Eusèbe, ọmọ Mahi tó gbọ́ èdè wa dáadáa. Ó tóbi, tó bá ń rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rín. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri ní èdè Faransé pé INTERNET ILLIMITÉ, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí ó lè yé gbogbo wa: «Kò lópin! San lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lò ó títí yóò fi sú ọ.» Tí o bá sanwó, wọn á fún ọ ní káàdì tó ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni wàá tẹ̀ sínú ẹ̀rọ kí ó tó ṣí. Òun fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ ńlá kan tí gbogbo èyí tó kù ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ìyá ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè é.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ó dùn bí oyin. Mo rí bí wọ́n ṣe ń fọ́ kajú ní ilẹ̀ Íńdíà, mo rí orúkọ àwọn tó ń rà á, mo kọ wọ́n sílẹ̀. Mo ń lọ lójoojúmọ́ tí a bá ti jáde ní kíláàsì. Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí. Mo ṣí àwòrán ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kajú níbẹ̀, àwòrán náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè, bí ẹni tó ń yọjú láti ẹ̀yìn ògiri. Fìlà rẹ̀ jáde. Mo dúró. Iwájú orí rẹ̀ jáde. Mo tún dúró títí wọ́n fi pe ìrun alásárì. Nígbà tí mo padà, ẹ̀rọ ti da àwòrán náà nù, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí fìlà. Bí mo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Bilkissou, mo mọ fìlà ọkùnrin yẹn ju bí mo ṣe mọ fìlà bàbá mi lọ, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá ó ní imú.

Èyí tó dùn mí jù ni pé bàbá àgbàlagbà kan, Bàbá Imorou, máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ọmọ rẹ̀ wà ní Gàbọ̀n, ó sì máa ń wá ka lẹ́tà tí ọmọ náà bá kọ lórí ẹ̀rọ. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ ẹ́, á máa wá lẹ́tà «a» bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Ṣùgbọ́n tó bá ti rí i tó tẹ̀ ẹ́, wàràwàrà ni tirẹ̀ ń ṣí! Mo bẹ bàbá náà pé kí a pààrọ̀ ìjókòó, wọ́n gbà. Mo tẹ nọ́ńbà mi sí ẹ̀rọ tiwọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ìgbín. Ti èmi tí mo fi sílẹ̀ fún wọn wá ń sáré. Ìfalẹ̀ náà tẹ̀ lé mi lọ síbi tí mo lọ. Kí lo máa rò tó bá jẹ́ ìwọ ni? Mo rò pé ọwọ́ mi ni. Bruno, ọmọ kíláàsì wa kan tí kì í bọ̀wọ̀ fún ohunkóhun, sọ fún mi pé ó dà bíi pé mò ń tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tó ń gúnyán. Ó ń ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ́ jẹ́jẹ́. Mo ń fọ ọwọ́ kí n tó jókòó. Kò sí ìyàtọ̀. Ìgbà yẹn ni mo kọ lẹ́tà sí ọ, tí mo ní orí mi kò gba iṣẹ́ yìí.

Ní ọjọ́ kan, èrò mìíràn sọ sí mi lọ́kàn. O rántí bí ìyá mi ṣe máa ń sọ fún wa pé tí a bá lọ kí ènìyàn, tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, tí wọ́n ní kí a jẹ ẹ́ tán, kí a má jẹ ẹ́ tán? Ọmọ tí wọ́n kọ́ máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú abọ́. Mo wá rò pé bóyá bí «kò lópin» Ọ̀gá Eusèbe ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ló sọ, èmi ni mo jókòó tì í tí mo ń lá abọ́. Bóyá mo ti lo tèmi tán, bóyá mo tiẹ̀ ti ń lo ti ẹlòmíràn. Ojú tì mí gidigidi. Mo sọ fún Tàǹtí. Ó fi ọwọ́ lérán, ó ní, «Tó bá jẹ́ pé o ti ṣẹ̀ ẹ́, kí la tún ń wò? A ó lọ bẹ̀ ẹ́ ni.»

Bí a ṣe lọ bẹ Ọ̀gá Eusèbe nìyẹn, ní ọ̀sán Sátidé. Tàǹtí ró aṣọ tó dáa, ó bu gàrí Savalou tó kúnná jù lọ sínú abọ́ táńganran, ó fi aṣọ funfun bò ó, ó ní a kì í fi ọwọ́ òfìfo bẹ̀bẹ̀. Ilé íńtánẹ́ẹ̀tì kún, mo ti rò pé kò ní sí ènìyàn. Tàǹtí kò tiẹ̀ wo ọ̀tún tàbí òsì. Ó gbé gàrí kalẹ̀ síwájú ìyá ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀.

«Ọ̀gá Eusèbe, ẹ má bínú sí ọmọ mi. Ọmọdé ni, kò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Ó ti lo nǹkan yín kọjá bó ṣe yẹ. Èmi ni mo wá gba ẹ̀bi rẹ̀ o.»

Gbogbo ojú yí sí wa. Mo rí Bruno tó yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Bilkissou, tí Ọ̀gá Eusèbe bá ti dáhùn pé kí ni à ń sọ, pé ẹ̀bẹ̀ kí nìyẹn, ọjọ́ náà ni ǹ bá di ẹrù mi. Ǹ bá ti mọ̀ dájú pé kò sí ohun tó ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì, pé èmi ni mo gọ̀. Ṣùgbọ́n ó wo gàrí, ó wo Tàǹtí, ó fẹ̀yìn ti àga, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ti ọkọ ìyàwó.

«Ẹ dìde, Ìyá, ẹ dìde. Ọmọ dáadáa lẹ ní. Nínú gbogbo àwọn tó ń wá síbí, òun nìkan ló ní ẹ̀rí ọkàn. Mo ti dárí jì í. Ní báyìí yìí ni màá tú u sílẹ̀.»

Ó yí padà sí ìyá ẹ̀rọ, ó tẹ nǹkan. Tàǹtí ń dúpẹ́, èmi náà ń dúpẹ́. Inú mi dùn dé ibi pé n kò gbọ́ ohun tó sọ. Bruno ló gbọ́ ọ. Ó dìde nínú àga rẹ̀.

«Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ní ẹ ó tú u sílẹ̀. Ibo lẹ dè é mọ́?»

Ọwọ́ Ọ̀gá Eusèbe dúró lórí bọ́tìnnì. Ó ní nǹkan ẹ̀rọ ni, pé kò ní yé wa. Bruno ní iṣẹ́ ẹ̀rọ gan-an la wá kọ́ ní Savalou, kí ó ṣe é kí ó yé wa. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Díẹ̀díẹ̀ ló jáde lẹ́nu rẹ̀, bí fìlà ọkùnrin ilẹ̀ Íńdíà yẹn ṣe ń jáde. Ẹni tó bá lò ó kọjá ìwọ̀n kan láàrin oṣù, ìyá ẹ̀rọ á fi ìjánu sí i lẹ́nu, á máa fà á sẹ́yìn títí oṣù á fi parí. Nọ́ńbà káàdì rẹ ló fi ń mọ̀ ọ́, kò sí ìjókòó tí o lè bọ́ sí tí kò ní rí ọ.

«Èmi ńkọ́?» ni Bruno bi í.

«Ìwọ? Ìwọ ni mo kọ́kọ́ fi síbẹ̀!»

Ariwo sọ. Gbogbo ènìyàn dìde, kálukú ń bi í bóyá òun náà wà nínú àwọn tí wọ́n fi ìjánu sí lẹ́nu, ó sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá Imorou náà tò síbẹ̀. Wọ́n ní, «Èmi ńkọ́?» Ọ̀gá Eusèbe ní kò sí tiwọn níbẹ̀. Inú bí bàbá. «Kí ló dé? Kí ni mo ṣe tí ẹ kò fi mí sí i? Ṣé èmi kì í san tèmi ni?» Bruno ló mú wọn jókòó, ó sì ń ṣàlàyé fún wọn pé ibi ìyà ni, kì í ṣe ibi oyè.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé Ọ̀gá Eusèbe kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ní wáyà tẹlifóònù kan ṣoṣo ni òun ní, inú rẹ̀ ni gbogbo wa ń gbà kọjá, àwọn díẹ̀ sì ń fa gbogbo rẹ̀. Ó ní òun kò purọ́. «Kò lópin ni mo kọ. Ṣé ẹ rí i níbi tí mo kọ ọ́ pé á yára?» Ohun tó yẹ kó má sọ nìyẹn, torí Tàǹtí ṣì wà níbẹ̀. Ó ti ń lọ lẹ́nu ọ̀nà, ó padà.

«Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin lẹ pe ọmọ mi wá jẹun. Ẹ ní kó jẹ ẹ́ yó. Nígbà tó wá ń jẹun, ẹ ń fa abọ́ sẹ́yìn lábẹ́ tábìlì, ẹ sì jẹ́ kó rò pé ọwọ́ òun ló kúrú. Ẹ tún wá gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ mi!»

Ọ̀gá Eusèbe sáré gbé gàrí, ó ní kí wọ́n gbà á padà.

«Ẹ pa gàrí mọ́. Gàrí kọ́ ni mo bèèrè. Ẹ̀bẹ̀ mi ni kí ẹ dá padà.»

Kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀bẹ̀ padà. A ń wo ara wa. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Tàǹtí kò rẹ́rìn-ín rárá, ó na ọwọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀bẹ̀ náà wà nínú àpótí níbì kan tí wọ́n lè mú un jáde. Bàbá Imorou ló là á. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò le, ibi tí ẹ̀bẹ̀ gbà wọlé ni kó gbà jáde. Ìyá kúnlẹ̀ nígbà tó mú un wá, kí ọ̀gá náà kúnlẹ̀ kó fi dá a padà. Ọkùnrin ńlá yẹn sì jáde láti ẹ̀yìn ìyá ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀ síwájú Tàǹtí, ó ní kí a má bínú, òun ni òun jẹ̀bi. Bí Tàǹtí ṣe rí i lórí ìkúnlẹ̀ báyìí, àyà rẹ̀ já, ó dì í lápá, ó ní, «Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pariwo.» Ó ku díẹ̀ kí ẹ̀bẹ̀ mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tiwa. Bruno ló kígbe pé, «Tàǹtí, ẹ má fún un mọ́!» Gbogbo ilé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Èjìká Ọ̀gá Eusèbe náà mì.

Ó tú gbogbo wa sílẹ̀ lójú wa. Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Gbogbo wa wá falẹ̀ pọ̀. Òótọ́ ló sọ nípa wáyà kan yẹn. Bàbá Imorou náà falẹ̀, wọ́n sì ń wò wá bí ẹni pé àwa la jí nǹkan wọn. Àwọn ènìyàn tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn kan tó ń sọ̀rọ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ohùn mi ni. Mo ní ní Akpassi, tí a bá fẹ́ ro oko kajú, àáró la máa ń ṣe. Oko lágbájá lónìí, gbogbo wa síbẹ̀. Oko tèmi lọ́la. Kò sẹ́ni tó ń bínú lóko ẹlòmíràn, torí ó mọ̀ pé tòun ń bọ̀. Mo ní ṣé a kò lè ṣe ìyẹn síbí? Kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti sún mọ́ ní ọjọ́ tirẹ̀, kí àwa yòókù má fa nǹkan tó wúwo lọ́jọ́ náà, kí lẹ́tà Bàbá Imorou sì máa kọjá nígbàkúùgbà torí kò wúwo. Lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ tán, mo fẹ́ tọrọ àforíjì pé mo sọ̀rọ̀ láàrin àgbà. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Eusèbe ti ń mi orí, ó ní kí n tún un sọ kí òun gbọ́ ọ dáadáa.

Bí a ṣe ń ṣe é títí di òní nìyẹn. Nígbà tí ọjọ́ kàn mí, mo ṣí ọkùnrin mi. Fìlà jáde, iwájú orí jáde, ojú jáde, imú jáde! Ó ní imú, Bilkissou, ó tiẹ̀ tóbi. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì bu kajú sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé ó ń fi hàn mí. Kajú náà kò yàtọ̀ sí èyí tí ìwọ àti èmi máa ń sun lẹ́yìn ilé wa. N kò mọ ìdí tí omi fi bọ́ lójú mi.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ mi níwájú kíláàsì, lọ́jọ́bọ̀. Mo di tábìlì mú bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo gbàgbé ìlà kan, mo tún sọ ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì. Madame Yolande bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò mọ̀, mo ní n kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí màá ti wá a. Ó ní ìdáhùn tó dáa nìyẹn, kí n máa jókòó sí iwájú láti ìsinsìnyí lọ. Mo ṣì ń rò ó bóyá torí pé mo ṣe dáadáa ni, tàbí torí pé ó fẹ́ máa ṣọ́ mi. Tàǹtí ní tí mo bá tún bi òun ní ìbéèrè yẹn, òun á fi ìjánu sí mi lẹ́nu.

Ọ̀gá Eusèbe ti tún ògiri rẹ̀ kùn. O lè wò ó tí o bá ń bọ̀ kí wa. Ó pa «Kò lópin» rẹ́, ó wá fi ọ̀dà pupa kan náà kọ ọ́ pé: «Ó lópin. Ṣùgbọ́n yóò kàn ọ́.» Àwọn ènìyàn sì ń wá sí i. Gàrí náà kò padà sílé, Ọ̀gá Eusèbe àti àwa oníbàárà rẹ̀ la jọ mu ún.

Lánàá, ẹ̀rọ mi tún falẹ̀. Mo ti ya ẹnu láti sọ pé kí wọ́n má bínú, mo pa á dé. Mo gbé ojú sókè, mo ní, «Ọ̀gá Eusèbe, ó ń falẹ̀ o.» Ó wò ó, ó ní wáyà ló já lọ́nà, kí n lọ sinmi. Mo lọ sinmi. N kò fọ ọwọ́ kankan.

Bá mi kí ìyá mi àti bàbá mi tí wọ́n bá wá láti Akpassi, kí o sì sọ fún bàbá mi pé wọ́n mọ kajú wa ní ibi tó jìnnà. Kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń kọ́ iṣẹ́. Kí ọ̀gá rẹ gidigidi, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n fi àga dè mí. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó sórí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò dẹrù mọ́ ni mí,

Samiath.